Bí a ṣe ń fi ìyẹ́ àkùkọ mú ẹja nínú odò tó ń ṣàn

Ẹni tó ti ń fi ekòló dẹ odò láti kékeré ló sábà máa ń kùnà jù nígbà tó bá kọ́kọ́ mú ìwọ̀ tí a di ìyẹ́ mọ́ dání. Á ju okùn sínú ibú, á jókòó, á máa wo omi, á máa retí kí nǹkan fà á. Ilẹ̀ á ṣú, kò ní í sí ohun tó fà á. Ekòló ní òórùn, ó sì ń jà lẹ́nu ìwọ̀, nítorí náà ẹja á wá a kàn níbikíbi tó bá wà. Ìyẹ́ ò ní òórùn kankan. Ohun kan ṣoṣo tó ní ni pé ó jọ kòkòrò tí omi ń gbé lọ. Bí kò bá rìn bí kòkòrò tí omi ń gbé lọ, ẹja á kàn wò ó, á sì fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí ń lé: kí ẹja má rí yín, kí okùn yín má sì wọ́ ìyẹ́ náà kúrò lójú ọ̀nà tí omi ń gbé e gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wo fídíò àwọn tó ń mú ẹja trout lórí òkè, ẹ gbàgbé trout ní tiwa níbí, lágbègbè Òṣogbo. Omi tútù ni ẹja yẹn ń gbé. Bí ooru omi bá ti ń kọjá ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín, odò tiwa kì í sì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ wọn la fẹ́ yá, pàápàá jù lọ ti àwọn ará Japan tí wọ́n ń lo ọ̀pá gígùn, okùn kan, ìyẹ́ kan, láìsí ẹ̀rọ tó ń ká okùn. Tenkara ni wọ́n ń pè é, inú odò kéékèèké orí òkè ni wọ́n sì ti ń lò ó. Ohun tí àwa máa fi mú ni ẹpìyà àti àwọn ẹja wẹ́wẹ́ onípẹ́ funfun tó máa ń fò gbá kòkòrò lójú omi nírọ̀lẹ́. Ẹ má retí àrọ̀. Òru ló ń jẹun jù, irùngbọ̀n rẹ̀ ló sì fi ń tọ́ oúnjẹ wò. Ìyẹ́ ò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ekòló máa ṣe ti àrọ̀ lọ.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ọ̀pá: oparun tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó mítà 3.5 sí 4. Ẹ gé èyí tó ti gbó, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n díẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ́ tó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ so ó kọ́ sábẹ́ òrùlé fún nǹkan bí oṣù kan. Ibí yìí ni ìkánjú ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́: wọ́n á sá oparun sínú oòrùn kó lè tètè gbẹ, á sì là láti oríkèé dé oríkèé. Ẹni tó lówó lè ra ọ̀pá tó ń wọ inú ara rẹ̀, tó fúyẹ́, ṣùgbọ́n oparun tó dára kò ní í já yín kulẹ̀.

Okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń pẹja, oríṣi mẹ́rin: èyí tó nípọn tó mìlímítà 0.50, 0.40, 0.30 àti 0.20. Àwọn tó ń ta àwọ̀n àti ìwọ̀ lẹ máa bá. Bí wọn ò bá ní gbogbo rẹ̀, kí ẹ ṣáà rí i pé ó ń tín-ín-rín sí i láti orí ọ̀pá dé ìdí ìwọ̀.

Ìwọ̀ kékeré, nọ́ńbà 12 tàbí 14. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i, ẹ má jẹ́ kí olówò fún yín ní nọ́ńbà 4 kó ní ọ̀kan náà ni. Ẹnu ẹpìyà kéré.

Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ. Ẹ lọ bá àwọn tó ń pa adìyẹ ní Ọjà Ọba, ẹ ní kí wọ́n bá yín kó ìyẹ́ ọrùn pamọ́ kí wọ́n tó ki adìyẹ bọ omi gbígbóná. Èyí tí wọ́n bá ti fi omi gbígbóná tu á rọ̀, á dì mọ́ra, kò wúlò mọ́. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú àti dúdú ló dára jù. Ti adìyẹ àgbébọ̀ máa ń rọ̀ ju ti àkùkọ lọ. Ẹ mú méjèèjì.

Yàtọ̀ sí ìyẹn: òwú ìránṣọ dúdú, ọ̀dà èékánná tí kò láwọ̀, àlùmọ́gàjí kékeré, ẹ̀mú kékeré, fìlà tó ní etí, aṣọ alápá gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ewé tàbí ti ilẹ̀, àti bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀. Gíláàsì oòrùn tó ń pa dídán ojú omi dára gan-an bí ẹ bá rí i rà.

Ìpele kìíní: ẹ yan omi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ ò gbọdọ̀ dé. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005, ẹja pípa, ọdẹ ṣíṣe àti igi gígé jẹ́ èèwọ̀. Ẹja Yèyé ni, kì í ṣe tiwa. Kò sí ọgbọ́n kan tó ní kéèyàn yọ́ gba ẹ̀yìn wọ ibẹ̀.

Odò Ọ̀ṣun lókè igbó àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni omi rẹ̀ ti pọ́n bí ẹrẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò. Ẹja ò lè rí ìyẹ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀, èmi ò sì ní í jẹ ẹja tó ti inú rẹ̀ jáde.

Erinlẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ kọjú sí, lápá Ìlobùú, àti àwọn odò kéékèèké olókùúta tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òrìṣà ni Erinlẹ̀ náà, ibi tí wọ́n ti ń bọ ọ́ wà létí odò. Kí ẹ tó tú okùn, ẹ yà sí ilé tó sún mọ́ odò jù, ẹ kí bàbá tàbí ìyá tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ wá béèrè: “Ẹ kúulé o, bàbá. Ṣé wọ́n máa ń pẹja lápá ibí yìí? Ibo ni a ò gbọdọ̀ dé?” Ibi tí wọ́n bá ní kò ṣeé dé, ẹ má bá wọn jiyàn. Àwọn náà ló sì máa sọ fún yín ibi tí ẹja ń fò sí nírọ̀lẹ́, èyí tó níye lórí ju ohun tí mo lè kọ síbí lọ. Adágún tí wọ́n sé fún omi ẹ̀rọ kì í ṣe ibi tí ẹ máa lọ ju okùn sí láìgbàṣẹ, omi tó dúró sójú kan kò sì bá iṣẹ́ wa mu. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ sí ọ̀sọọ̀rọ̀ Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà torí pé omi ibẹ̀ mọ́. Omi ibẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò ìgbafẹ́ ló ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹja wo ló máa dúró níbi tí wọ́n ti ń pariwo báyẹn?

Àsìkò: láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, nígbà tí òjò ti dá tí omi ti fà. Nínú ọyẹ́, omi àárọ̀ máa ń tutù, ẹja á sì ya ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí oòrùn mú ojú omi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wákàtí tó kẹ́yìn kí ilẹ̀ tó ṣú ló dára jù lọ́jọ́ gbogbo.

Ẹ kíyè sí ìlera yín. Àtọ̀sí ajá máa ń gba ara ẹsẹ̀ wọlé nínú omi tí ìgbín kéékèèké wà, pàápàá níbi tí omi ti rọra ń ṣàn létí koríko. Orí òkúta ni kí ẹ dúró, ẹ má wọ omi bí kò bá pọn dandan. Bí omi bá sì ń sáré lórí òkúta, níbẹ̀ náà ni eṣinṣin dúdú kékeré tó ń tan àrùn ojú fífọ́ ń pamọ sí. Ọ̀sán ló ń jẹni, kì í ṣe òru. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní aṣọ alápá gígùn. Bí ẹ bá rí i pé omi ṣàdédé dà rú, tí ewé àti ìtì igi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá, òjò ti rọ̀ lápá òkè nìyẹn. Ẹ gòkè kíá, ẹ má dúró wò ó.

Láti mọ̀ bóyá omi náà dára: ẹ so aṣọ funfun kékeré mọ́ ìdí igi kan, ẹ tì í bọ omi. Bó bá jìn tó orúnkún tí ẹ ṣì ń rí i, ẹ dúró. Bó bá ti pòórá kó tó jìn tó ìdajì ìyẹn, ẹ máa lọ sí odò mìíràn, tàbí kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìpele kejì: ẹ so okùn pọ̀

Fún ọ̀pá onímítà 4, ẹ gé 0.50 ní mítà 1.5, 0.40 ní mítà 1.2, 0.30 ní sẹ̀ǹtímítà 80, àti 0.20 ní sẹ̀ǹtímítà 80. Ẹ so wọ́n pọ̀ bí mo ṣe tò wọ́n, kí èyí tó nípọn wà lápá ọ̀pá. Ìdí ni pé agbára tí ẹ bá fi ju okùn máa ń rin láti ibi tó nípọn lọ síbi tó tín-ín-rín, òun ló ń na ìyẹ́ jáde. Bí okùn bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà látòkè délẹ̀, tó sì tín-ín-rín, á kàn máa já lulẹ̀ gbọnrangandan ni.

Kókó tí ẹ máa fi so wọ́n: ẹ to ìdí okùn kìíní àti orí okùn kejì sára ara wọn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ fi méjèèjì pọ̀ ṣe ojóbó, ẹ gba ìdí wọn kọjá nínú ojóbó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi itọ́ pa á, kí ẹ tó rọra fa ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fo itọ́ yẹn dá. Bí okùn ọ̀rá bá ń ra ara rẹ̀ ní gbígbẹ, á gbóná, ibi tó bá ti gbóná sì ni á ti já nígbà tí ẹja bá gbé e.

Ẹ de okùn òwú kékeré mọ́ orí ọ̀pá dáadáa, kí ẹ ta kókó kan sí ìdí rẹ̀. Ẹ ṣe ojóbó sí orí okùn 0.50, òun lẹ máa kì bọ òwú yìí, kí kókó dá a dúró. Báyìí, ẹ lè tú u láìlo ọ̀bẹ.

Ẹ fi aṣọ wé ọwọ́, ẹ fa kókó kọ̀ọ̀kan gírígírí. Èyí tó bá já nílé kò ní í já lódò. Lẹ́yìn náà ẹ na gbogbo okùn láàárín ọwọ́ méjèèjì díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa gún. Okùn tó ká kò ní í jẹ́ kí ẹ mọ ìgbà tí ẹja gbé ìyẹ́.

Ìpele kẹta: ẹ di ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀

Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ìkọ́ kékeré tó wà lẹ́nu ìwọ̀ pa, kó lè rọrùn láti yọ lẹ́nu ẹja àti lára yín. Kí ẹ wá fi ẹ̀mú di ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀ mú.

Ẹ fi òwú wé ara ìwọ̀ láti ẹ̀yìn ojú rẹ̀, ìyẹn ihò tí okùn ń gbà, lọ sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, kí ẹ wé e padà wá síwájú. Ẹ fi àyè tó ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ méjì sílẹ̀ lẹ́yìn ojú ìwọ̀. Ẹ tu ìrẹ́pẹ́ ìdí ìyẹ́ kúrò, kí ẹ de ìdí rẹ̀ mọ́ ìwọ̀. Ẹ di orí ìyẹ́ mú, ẹ wé e yí ìwọ̀ ká ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó pọ̀ jù ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ rí i pé irun ìyẹ́ dojú kọ iwájú, lápá ojú ìwọ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn. Àwọn ará Japan ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí ẹ bá fa okùn díẹ̀, irun á pa dé. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́, á tún là. Ohun abẹ̀mí ló jọ lójú ẹja. Ẹ de orí ìyẹ́, ẹ gé e, ẹ ta kókó òwú mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn ojú ìwọ̀, ẹ kán ọ̀dà èékánná kan sí i. Kó tó gbẹ, ẹ fi abẹ́rẹ́ la ojú ìwọ̀ kọjá. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, ẹ ò ní í rí ihò fi okùn sí mọ́.

Àṣejù ló ń ba ìpele yìí jẹ́. Èèyàn á fẹ́ kó dùn ún wò, á wé ìyẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, á fi òwú pupa àti òwú dídán kún un. Irú rẹ̀ dára fún ọ̀ṣọ́. Kòkòrò tó bọ́ sómi kì í sanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ju mélòó kan lọ. Ẹ di mẹ́fà ó kéré tán kí ẹ tó lọ, nítorí igi máa gbà nínú rẹ̀.

Ẹ bu omi sínú ife, ẹ jù ú sí i, ẹ rọra fà á sókè sódò. Bí irun rẹ̀ bá ń là tó ń pa dé, ó ti jáde. Bó bá dì mọ́ ara, ìyẹ́ yẹn ti kan omi gbígbóná rí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìpele kẹrin: ẹ kọ́ jíjù lórí pápá

Má gbé e lọ sódò kí o tó kọ́ ọ, ohun tí mo máa ń wí fún àwọn àbúrò nìyẹn, àwọn kì í sì í gbọ́. Pápá ìṣeré ilé ìwé kan tó ṣófo nírọ̀lẹ́ ti tó. Ẹ má lo ìwọ̀ níbẹ̀, ẹ so òwú funfun kékeré mọ́ ìdí okùn dípò rẹ̀.

Ẹ di ọ̀pá mú jẹ́jẹ́, kí ìka ìfábẹ̀lá yín nà sórí rẹ̀. Ìgúnpá kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ẹ fi ọkàn ya aago ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí orí yín jẹ́ aago méjìlá, kí iwájú yín gan-an jẹ́ aago mẹ́sàn-án. Ẹ gbé ọ̀pá sókè láti mẹ́sàn-án, kí ó máa yára sí i, kí ẹ sì dá a dúró lójijì ní aago méjìlá. Ẹ dúró díẹ̀ kí okùn lè nà tán lẹ́yìn yín. Ẹ wá ti ọ̀pá síwájú, kí ẹ dá a dúró ní aago mẹ́wàá. Dídúró yẹn ló ń ṣe iṣẹ́. Ọ̀pá tí ẹ kò bá dá dúró kò lè ju okùn, ńṣe ló máa wọ́ ọ.

Bí ẹ bá gbọ́ “páù” lẹ́yìn bí ìgbà tí ẹni kan na pàṣán, ẹ ti yára jù. Ẹ ò jẹ́ kí okùn nà tán. Lódò, irú ariwo bẹ́ẹ̀ á ti já ìyẹ́ dànù. Bí okùn bá ń kó jọ sílẹ̀ níwájú yín, ẹ ti jẹ́ kí ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ ju aago mẹ́wàá lọ. Bó bá ń kọ́ koríko lẹ́yìn, ọ̀pá ti rọ̀ sẹ́yìn ju méjìlá. Agbára kọ́ ló ń ṣe é: ẹni tó bá lágbára jù ló sábà máa ń pẹ́ kọ́ ọ jù.

Ẹ gbé abọ́ ìfọṣọ sílẹ̀ ní mítà méje. Ìgbà tí òwú bá ń bọ́ sínú abọ́ tàbí sí etí rẹ̀ nígbà méje nínú mẹ́wàá, tó sì jẹ́ pé òwú ló ń kọ́kọ́ balẹ̀ kí okùn tó balẹ̀, ẹ lè lọ sódò.

Ìpele karùn-ún: ẹ yọ́ dé ibẹ̀

Ẹja tó wà nínú omi tó ń ṣàn máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń wá. Nítorí náà láti ìsàlẹ̀ odò ni ẹ gbọdọ̀ ti máa bọ̀, kí ẹ máa rìn gòkè. Ẹ tẹ̀ ba. Bí ẹ bá ṣe ga tó lójú ọ̀run ni ẹja ṣe ń tètè rí yín tó, torí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nígbà tó bá ń wọ omi. Ẹ wo òjìji yín: kò gbọdọ̀ bọ́ sórí omi tí ẹ fẹ́ dẹ. Ẹsẹ̀ gbì-gbì létí odò náà ń dé etí ẹja. Aṣọ funfun tàbí aṣọ bọ́ọ̀lù tó ń tàn yòò, ẹ fi í sílé.

Ibo ni wọ́n wà? Ẹ máa wo ààlà tó wà láàárín omi tó ń sáré àti omi tó rọra ń lọ. Ẹja á dúró sínú èyí tó rọra, á máa nawọ́ gán oúnjẹ nínú èyí tó ń sáré. Ẹ wo ẹ̀yìn òkúta ńlá, àti iwájú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wo abẹ́ igi tó tẹ̀ bo omi, níbi tí èèrà àti tata ti ń já bọ́. Ẹ wo ìdí ibú, níbi tí omi ti tún ń bẹ̀rẹ̀ sí í pẹlẹ bọ̀ sórí òkúta. Àárín ibú tó jìn, tó sì dúdú, tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ jù sí, ẹ fi í sí ìkẹyìn.

Kí ẹ tó ju ohunkóhun, ẹ lóṣòó síbì kan, ẹ má mira fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ojú omi bá ń ya òbìrí kéékèèké, wọn ò tíì rí yín. Bí òbìrí tí ẹ rí nígbà tí ẹ ń bọ̀ bá ti dáwọ́ dúró, wọ́n ti rí yín, ẹ jókòó pẹ́ sí i.

Ìpele kẹfà: ẹ jẹ́ kí omi gbé e

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Ẹ ju ìyẹ́ sí òkè ibi tí ẹ rò pé ẹja wà, ó kéré tán mítà kan àti ààbọ̀. Ẹ má jù ú lé e lórí. Bí ìyẹ́ bá ti balẹ̀, ẹ gbé orí ọ̀pá sókè kí ó lè jẹ́ pé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ló kan omi. Èyí ni àǹfààní ọ̀pá gígùn. Bí okùn nípọn bá tẹ́ sórí omi tó ń sáré, omi á gbé okùn lọ, okùn á wọ́ ìyẹ́ tẹ̀lé e, ìyẹ́ á máa fa ìlà lẹ́yìn ara rẹ̀ lójú omi. Kòkòrò wo ló ń fa ìlà? Ẹja ti mọ ìyẹn kó tó dàgbà tó ìka.

Ẹ máa fi orí ọ̀pá tẹ̀ lé e bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ má fà á, ẹ má sì jẹ́ kí okùn dẹ̀ jù. Bó bá kọjá yín díẹ̀, ẹ gbé e sókè, ẹ tún un jù. Ojú kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin. Bí kò bá sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ rìn gòkè ìṣísẹ̀ díẹ̀. Dídúró sójú kan fún wákàtí méjì jẹ́ àṣà ekòló.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tọ̀nà: ẹ wá ìhó omi tàbí ewé gbígbẹ kan tó bá ìyẹ́ yín balẹ̀ lápá ibì kan náà. Ẹ máa wo méjèèjì. Bí wọ́n bá jọ rìn títí dé ọ̀dọ̀ yín, ó tọ̀nà. Bí ìyẹ́ bá ya ewé sílẹ̀, ìbáà ṣe pé ó yára jù tàbí ó lọ́ra jù tàbí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ, okùn ti ń wọ́ ọ. Ẹ gbé ọ̀pá ga sí i, tàbí kí ẹ sún mọ́ ọn. Sísún mọ́ ọn ló ń yanjú rẹ̀ jù. Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ jù ú jìnnà, kí wọ́n lè rí bó ṣe ń fò.

Ìgbà tí gbígbé lásán kò bá mú nǹkan kan wá ni kí ẹ wá máa gbọn orí ọ̀pá díẹ̀díẹ̀, kí irun ìyẹ́ máa là kó máa pa dé. Fún ẹpìyà, tí kì í sábà gòkè wá sójú omi, ẹ jẹ́ kó rì dé itòsí ilẹ̀ odò kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n. Bí kò bá rì, ẹ wé òjé bíńtín kan mọ́ okùn ní sẹ̀ǹtímítà 20 sókè ìwọ̀.

Ìpele keje: nígbà tó bá gbé e

Ẹ má dúró de kí ó fà yín lọ́wọ́. Ó máa ń tutọ́ ìyẹ́ dànù ní kété tó bá mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ. Ohun tí ẹ máa rí ni pé okùn dúró nígbà tí ewé ṣì ń lọ, tàbí kí nǹkan funfun ṣẹ́ yẹ̀rì lábẹ́ omi. Ẹ gbọn ọrùn ọwọ́ sókè, ìwọ̀nba bíńtín. Fífà gbùà bí ti àrọ̀ á já okùn 0.20, tàbí kó gbé ẹja wẹ́wẹ́ kọ́ sórí igi lẹ́yìn yín.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá dúró sókè kó tẹ̀. Títẹ̀ rẹ̀ ló ń dá ẹja lágara. Kò sí ẹ̀rọ tó máa tú okùn sílẹ̀ fún un, nítorí náà bó bá sáré, ẹ bá a rìn létí omi. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀pá àti okùn nà gbọọrọ lójú ìlà kan, okùn á já. Ẹ darí rẹ̀ wá síbi tí omi ti pẹlẹ.

Ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín níbí. Ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹpìyà máa ń gúnni. Láti orí ni kí ẹ ti fọwọ́ pa á sílẹ̀ kí ẹ tó dì í mú. Ọ̀bọ̀kún, bó bá ṣèèṣì gbé e, ní ẹ̀gún ní ẹ̀yìn àti ní ìhà méjèèjì, egbò rẹ̀ sì máa ń roni gan-an. Bó bá jẹ́ òjìjí lẹ bá nídìí okùn, ẹja sísanra tí kò ní ìpẹ́ tí ara rẹ̀ ń yọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi ọwọ́ tútù di okùn mú. Iná inú rẹ̀ lágbára. Ẹ gé okùn, ẹ jẹ́ kó máa lọ pẹ̀lú ìyẹ́ kan.

Ẹja kékeré, ẹ fi omi rin ọwọ́ yín kí ẹ tó dì í mú, torí ọwọ́ gbígbẹ máa ń bó ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀. Ẹ yọ ìwọ̀, ẹ kọjú rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀ títí tó fi máa fúnra rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ lọ. Èyí tí ẹ bá fẹ́ jẹ, ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ yọ ìfun rẹ̀ kí ẹ tó kúrò létí odò, ẹ fi ewé tútù wé e. Ooru wa kì í jẹ́ kí ẹja dúró de ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England tí ẹ ń ka èyí, tí trout wà nítòsí yín: ìpele kejì sí ìkẹfà kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé àṣẹ ìpẹja kí ẹ tó bọ́ sétí omi, òfin ni níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ tí odò gbà kọjá.

Bí ẹ bá délé, ẹ tú okùn kúrò lórí ọ̀pá, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu oparun látòkè délẹ̀, kí ẹ so ó kọ́ padà sábẹ́ òrùlé. Ẹ sá àwọn ìyẹ́ tó tutù sórí pákó títí wọn á fi gbẹ kí ẹ tó kó wọn sínú agolo. Bí ẹ bá kó wọn dé ní tútù, ìpẹta á ti jẹ ojú ìwọ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.